Ọmọ Mi Ń Sin Kòkòrò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ń kó kòkòrò sínú ìgò. Ìyá mi ní kì í ṣe eré obìnrin. Ṣé obìnrin kankan ti fi irú rẹ̀ ṣiṣẹ́ rí?

ÌDÁHÙN: Ó wà, ìyá wa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Maria Sibylla Merian ni, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Frankfurt, ní Jámánì, ní 1647. Ọmọ ọdún 13 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò sílíkì. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé inú ẹrẹ̀ ni kòkòrò ti ń hù jáde. Merian ń fún tirẹ̀ ní ewé, ó ń ṣọ́ wọn: ẹyin di kòkòrò ajẹwé, ó wé ara rẹ̀ mọ́lé, ó di labalábá. Orí bébà kan ló ń ya gbogbo rẹ̀ sí, pẹ̀lú ewé tí wọ́n ń jẹ. (Ewé yẹn gan-an ni ọgbọ́n rẹ̀.)

Ní 1699, ó ti lé ní 50 ọdún, ó ta àwòrán rẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Àwọn olóko ìrèké ibẹ̀ fi í ṣẹ̀sín pé kí ló ń wá tí kì í ṣe ṣúgà. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán: àwọn ẹrú ló ń fi àáké lànà fún un nínú igbó. Àìsàn lé e padà ní 1701. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1705, àwòrán 60. Aláǹtakùn ńlá tó ń jẹ ẹyẹ wà níbẹ̀, lórí igi gúáfà. Wọ́n pè é lópùrọ́. Irú aláǹtakùn bẹ́ẹ̀ sì wà.

Ẹ lu ihò sí ọmọrí ìgò náà.