Kí ẹ tó ra laptop tí kò ní ju ihò USB-C méjì lọ

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé projector ìjọ ṣì ń lo VGA (ihò àwòrán àtijọ́), modem jẹ́ USB-A àtijọ́ onígun mẹ́rin, laptop tí owó sì ká, ihò USB-C méjì péré ló ní. Ṣé kí èèyàn rà á? Èsì tó ti wá ni pé kó máa rà á lọ, adapter kan ti parí ọ̀rọ̀. Mi ò fara mọ́ ọn. Laptop náà ṣeé rà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan lè ṣe.

Gbogbo ihò USB-C ló jọra lójú, iṣẹ́ wọn ò jọra. Òmíràn ń gbé dátà nìkan. Òmíràn ń gbé dátà, ó ń gba iná, ó sì tún ń gbé àwòrán jáde. Lára ọ̀pọ̀ laptop tí kò wọ́n, ihò kan ló ń gbé àwòrán, èkejì ò gbé e. Tí ẹ bá ki adapter bọ èyí tí kò gbé e, ojú projector á dúdú, ẹ ó sì máa bá adapter jà láìnídìí. Ẹ wo àmì ẹ̀gbẹ́ ihò: mànàmáná tó ní orí ọfà ni Thunderbolt (ó ń gbé dátà àti àwòrán), lẹ́tà D àti P tó wọnú ara wọn ni DisplayPort (ó ń gbé àwòrán), àwòrán bátìrì ń sọ pé ó ń gba iná. Bí kò bá sí àmì, ẹ wá “DisplayPort Alt Mode” (gbígbé àwòrán jáde) àti “Power Delivery” (gbígba iná) lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Nọ́ńbà model gan-an ni kí ẹ fi wá a, torí laptop tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ síra nínú.

Fún projector, ẹ ra adapter tó ti USB-C lọ sí VGA tààrà. Ẹ má so adapter HDMI (ihò àwòrán tó wà lára tẹlifíṣọ̀n òde òní) mọ́ adapter VGA, torí bí ìsopọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni ibi tó lè já ń pọ̀ sí i. Bí projector bá ní òun ò rí nǹkan kan, ẹ tẹ Windows àti P pọ̀, ẹ yan Duplicate, kí ẹ wá dín resolution (iye àmì tó ń ya àwòrán) kù sí 1024 × 768. Ẹ de ìdè méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí VGA dáadáa. Bí funfun bá di yẹ́lò lójú ògiri, pínnì búlúù ni kò kàn. Bí ó bá di pọ́ọ̀pù, pínnì gíríìnì ni.

Monitor 4K, tí àmì àwòrán rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1080p tó wọ́pọ̀, ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin tó ń sáré ló wà nínú USB-C. Hub (àpótí kékeré tó ń sọ ihò USB-C kan di ihò púpọ̀) tó bá fi méjì fún àwòrán, tó fi méjì yòókù fún USB 3, kò ní lè gbé 4K kọjá 30 Hz (àwòrán ọgbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) bí DisplayPort laptop bá jẹ́ ẹ̀yà 1.2, ọfà mouse á sì máa wọ́. Bí ó bá kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún àwòrán, 4K á dé 60 Hz, ṣùgbọ́n USB orí hub á já sí 480 Mbps. Lórí 1080p, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ kankan.

Iná ni hub ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá gba inú hub fi ṣájà 65 W sí laptop, hub á kọ́kọ́ yọ tirẹ̀, ó lè tó 10 sí 15 W. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, hub á fi ṣájà sílẹ̀ láti máa gba iná lára laptop. Láàárín ìyípadà yẹn, ọ̀pọ̀ hub máa ń já gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Modem á padà dé. Hard disk tó ń kọ fáìlì lọ́wọ́ lè máà padà dé bó ṣe wà. Nítorí náà, ihò laptop fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ki ṣájà bọ̀, kí hub wà ní ìkejì, bí ihò méjèèjì bá ń gba iná. Ẹ má sì jẹ́ kí USB kékeré ti mouse aláìnííwáyà fara kan hard disk USB 3 lórí hub kan náà, torí ariwo USB 3 ń bọ́ sórí 2.4 GHz tí mouse ń lò.

Wáyà USB-C pàápàá ò rí bákan náà. Èyí tí kò ní ẹ̀rọ kékeré (chip) tó ń sọ agbára rẹ̀ kì í gbà kọjá 3 A, ìyẹn 60 W. Èyí tó ti USB-A lọ sí USB-C gbọ́dọ̀ ní resistor 56 kΩ nínú, òun ló ń sọ fún ohun tó ń gba iná pé kó má fà á jù. Ní 2015 àti 2016, Benson Leung, ẹnjiníà Google, dán irú wáyà bẹ́ẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní ìṣekúṣe sì ba laptop tó fi dán an wò jẹ́.

Ní ti bóyá ó tọ́ kí wọ́n yọ àwọn ihò àtijọ́: USB-A tí wọ́n yọ kò dùn mí, adapter kékeré ti tó fún modem. HDMI ló dùn mí, torí yàrá ẹlòmíì la ti ń lò ó, níbi tí adapter ti máa ń gbélé. Apple yọ ọ́ lára MacBook Pro ní 2016, wọ́n sì dá a padà ní 2021 pẹ̀lú ihò káàdì SD àti MagSafe (ihò ṣájà olóòfà). USB-A ò bá wọn padà.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú ṣájà àti fláàṣì USB-C dání lọ sí Computer Village. Ẹ ki ṣájà bọ ihò kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ ọ́, ẹ yí orí rẹ̀ padà, ẹ tún kì í bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyẹn fún ihò méjì. Kí ẹ ṣe fláàṣì náà bẹ́ẹ̀. Ihò tó bá gbà ní ojú kan tó kọ̀ ní ojú kejì ti ní pínnì tó jóná tàbí tó tẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ara bọ́ọ̀dù gan-an ni wọ́n sábà máa ń fi léèdì lẹ̀ ẹ́ mọ́. Ihò ṣájà àtijọ́ sábà máa ń wà lórí wáyà tirẹ̀, wọ́n á kàn yọ ọ́ ni. Ti USB-C gba ẹni tó mọ ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná lò, kí ẹ yọ owó ìyẹn kúrò nínú iye tí wọ́n bá dá lé laptop náà.