Ẹ má gbin igi fún ẹyẹ orí òkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Cape Town ni mò ń gbé. Ẹgbẹ́ wa fẹ́ gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ òkè kan tí iná jó lọ́dún tó kọjá, kí àwọn ìbákà kéékèèké tí à ń rí níbẹ̀ lè ríbi tẹ́ ìtẹ́ sí. Ṣé páìnì ló dára jù, àbí igi mìíràn? Ṣé ká sì máa da ọkà sílẹ̀ fún wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbin páìnì, ẹ má sì gbin òmíràn. Ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn yòókù.

Fótò ẹyẹ tí ẹ fi ránṣẹ́ ṣú díẹ̀, n kò lè búra sí i, ṣùgbọ́n ó jọ Cape siskin (Crithagra totta). Ìbátan ìbákà ni lóòótọ́. Ẹ wo akọ dáadáa: ikùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ṣóńṣó ìyẹ́ apá àti ti ìrù rẹ̀ sì funfun. South Africa nìkan ló wà ní gbogbo ayé. Kóró, ìrudi àti kòkòrò ló ń jẹ. Pàlàpálá àpáta ló sì ń tẹ́ ìtẹ́ sí, kì í wá orí igi gíga kiri.

Ohun tó ń dùn mí ni èrò pé òkè tí kò nígi ti bàjẹ́. Fynbos ni wọ́n ń pe ìgbẹ́ kúkúrú eléwé líle yẹn. Kì í ṣe ẹgàn tí ẹnìkan gé, kì í ṣe ilẹ̀ tó ń retí igi. Oríṣi irúgbìn tó lé ní 9,000 ló wà lágbègbè náà, bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sì sí níbòmíràn. Ọdún 2004 ni UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé. Iná pàápàá wà lára ìgbé ayé rẹ̀: àwọn igi kéékèèké kan níbẹ̀ tí à ń pè ní protea máa ń di kóró wọn mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún títí iná yóò fi ṣí i, èéfín sì ń jí irúgbìn mìíràn lójú oorun. Kóró tó bá já sílẹ̀ gbalasa lẹ́yìn iná, oúnjẹ ẹyẹ ni. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí lọ ki iná bọ òkè o! Bí iná bá tètè padà kí protea tó so, irúgbìn yóò tán níbẹ̀.

Páìnì ní tirẹ̀, àlejò ni. Ó ń mu omi ju ìgbẹ́ náà lọ, ó ń ṣíji bò ó pa, atẹ́gùn sì ń gbé kóró rẹ̀ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ín sí. Láti ọdún 1995 ni ìjọba ti ń sanwó fún àwọn òṣìṣẹ́ láti gé irú igi àlejò bẹ́ẹ̀ kúrò, nítorí omi. Ẹnìkan á ní òun ti rí ẹyẹ yìí lórí páìnì rí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń bà síbẹ̀ nígbà mìíràn. Ibi tí ẹyẹ bà sí kọ́ nilé rẹ̀.

Ẹ má da ọkà sílẹ̀. Ibi tí ẹyẹ bá ti ń kóra jọ jẹun ni àrùn ti ń ràn.

Bí ọmọ páìnì bá ti ń hù lórí òkè yín, ẹ kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ẹ wá fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tí kò tíì ga ju orúnkún lọ.