Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé gbogbo nǹkan ni 22.4 wà fún ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní ká ṣírò àyè tí omi gíráàmù 36 máa gbà, mo fi 18, ìyẹn ìwọ̀n móòlù kan omi ní gíráàmù, pín in, mo rí móòlù 2, mo wá fi 22.4 sọ ọ́ di púpọ̀, mo kọ lítà 44.8. Tíṣà wa fa igi lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ṣebí 22.4 náà ni molar volume? Ìwé kan tún ní 22.7, òmíì ní 24, orí mi ti dàrú pátápátá.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, móòlù 2 tó o rí yẹn dáa, ibi tó o ti mú 22.4 wọ̀ ọ́ lọ̀rọ̀ ti wọ́. Bu omi gíráàmù 36 sínú ife kó o wò ó, bíi ṣíbí tíì méje péré ni, ṣùgbọ́n lítà 44.8 ju garawa lítà 20 méjì lọ!

Molar volume ò ju àyè tí móòlù kan nǹkan gbà lọ, ì báà jẹ́ irin, omi àbí gáàsì. Móòlù sì rí bíi dọ́sìnì, iye ni, àmọ́ tirẹ̀ jẹ́ ẹyọ 6.022 × 10²³. Dọ́sìnì bọ́ọ̀lù àti dọ́sìnì ìlẹ̀kẹ̀, iye kan náà ni, àpò kan náà kọ́ ló máa gbà wọ́n. Tó bá jẹ́ nǹkan líle àbí olómi, mú ìwọ̀n móòlù kan rẹ̀ ní gíráàmù, kó o fi density rẹ̀, ìyẹn iye gíráàmù tó wà nínú cm³ kan rẹ̀, pín in. Ti omi jẹ́ 18 cm³, torí náà móòlù 2 tìẹ jẹ́ 36 cm³. Ti irin, 55.85 tá a fi 7.87 pín, bíi 7.1 cm³ ni. Omi yìí náà tó bá di yìnyín, 18 yẹn á wú di bíi 19.6, ìyẹn ló ń fọ́ ìgò tí wọ́n rọ omi kún dẹ́nu tí wọ́n wá gbàgbé sínú fírísà.

Gáàsì ló wá hùwà ọ̀tọ̀, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù. Àwọn mólíkù ẹ̀ jìnnà síra wọn débi pé òfìfo ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí mólíkù kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan mọ́, torí ẹ̀ ni móòlù kan háídírójìn tó wọn gíráàmù 2 àti móòlù kan carbon dioxide tó wọn 44 fi ń gba àyè tó fẹ́ẹ̀ẹ́ dọ́gba tí ooru àti prẹ́ṣọ̀ wọn bá ti jọra. Amedeo Avogadro, ará Ítálì, ti dábàá ọ̀rọ̀ yìí láti 1811.

22.4 lítà yẹn, ti 0°C àti atm 1 ni, ìyẹn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ nǹkan létí òkun. Lọ́dún 1982, IUPAC, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onímọ̀ kẹ́místrì, sọ prẹ́ṣọ̀ òṣùwọ̀n di bar 1, ó fi díẹ̀ dín sí atm 1, nígbà tí ohun tó ń tẹ gáàsì dín kù òun náà fẹ̀ díẹ̀, ó di 22.7. 24 ní tiẹ̀, ooru inú yàrá ni, 20°C àti atm 1, tó bá di 25°C á tó 24.5. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí ọmọ há 22.4 sórí láìsọ ooru àti prẹ́ṣọ̀ tó ni í fún un.

Wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ju magnesium gíráàmù 2.43 sínú ásíìdì tó pọ̀ tó: móòlù 0.1 ni, átọ́ọ̀mù ẹ̀ kọ̀ọ̀kan á sì tú mólíkù háídírójìn kan jáde, torí náà o máa rí lítà 2.24 ní 0°C àti atm 1, tàbí bíi 2.45 ní 25°C. Magnesium yẹn gan-an ò tó ìdajì ṣíbí tíì o!

ÌBÉÈRÈ: Mo da ethanol (ọtí líle inú ọtí mímu) 50 mL pọ̀ mọ́ omi 50 mL, kò pé 100. Ṣé ó dà nù ni?

ÌDÁHÙN: Rárá, bíi 96 ló máa ń jẹ́. Mólíkù omi àti ti ethanol ń fa ara wọn mọ́ra, wọ́n sì há mọ́ra ju bí kálukú ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, àyè tí móòlù kọ̀ọ̀kan ń gbà nígbà tó dá wà kọ́ ló ń gbà nínú àdàlù. Gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kó o tó dà wọ́n pọ̀, kó o tún gbé àdàlù ẹ̀ síbẹ̀, gíráàmù ẹ̀ ò ní yẹ̀.