Ṣé èèwọ̀ ni kí a gé aṣọ ìyá tó ti kú láti fi ta ọmọ ọlọ́mọ lọ́rẹ?

Obìnrin kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló béèrè. Màmá wọn, ọmọ Abẹ́òkúta, ti dolóògbé, wọ́n sì fi àpótí aṣọ sílẹ̀: ìró sányán kan, àlàárì pẹ̀lú gèlè rẹ̀ (aṣọ òkè ni méjèèjì), kíjìpá, ìyẹn aṣọ òwú híhun tó nípọn, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó ti gbó, ìyẹn aṣọ aláró tí wọ́n fi ẹ̀kọ yàwòrán sí, aṣọ ẹbí oríṣiríṣi, àti aṣọ funfun kan tí àwọn ọmọ kò mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Obìnrin yìí wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ègé aṣọ ni wọ́n ń rán pọ̀, tí wọ́n fi ń ṣe ìbora fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé nílé ìwòsàn, àti fún àwọn arúgbó tó wà nílé ìtọ́jú. Ó fẹ́ kí aṣọ màmá wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní èèwọ̀ ni. Ó ní aṣọ òkú kì í jáde fún àjèjì, pé ìdí-igi ni kí wọ́n fi pín in, àti pé aṣọ àbùlẹ̀ kì í ṣe ohun tó yẹ kí orúkọ màmá wà lára rẹ̀. Àbúrò màmá ní tiwọn kò sọ ju òwe kan lọ: "Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà." Ìbéèrè rẹ̀ ni pé ṣé èèwọ̀ ni lóòótọ́, kí sì ni àǹtí òun ń bá òun sọ?

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Kì í ṣe èèwọ̀. Yorùbá ti ń fi aṣọ tọrẹ ṣáájú kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Ẹni tó bá mọ Ifá dáadáa á rántí iye ìgbà tí wọ́n ní kí ẹni tó dáfá bọ́ aṣọ ọrùn rẹ̀ mọ́ ẹbọ, aṣọ náà á sì di ti ẹlòmíràn. Àwọn Mùsùlùmí wa ń kó aṣọ olóògbé ṣe sàráà, kò sì sẹ́ni tó ń bá wọn jà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn tó wẹ òkú ló ń mú aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tó gbẹ́mìí mì. Nítorí náà, aṣọ òkú ń jáde. Ọ̀nà tó gbà jáde ni àwọn àgbà máa ń bèèrè.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe bínú sí ẹ̀gbọ́n yín, nítorí ohun tó ń bà á lẹ́rù ní ìdí. Yorùbá gbà pé aṣọ tó bá ti pẹ́ lára èèyàn, nǹkan ẹni náà ń bẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í kó aṣọ ara rẹ̀ lé ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́, pàápàá èyí tí kò tíì fọ̀. Tòbí màmá àti aṣọ abẹ́ wọn, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí àwọn obìnrin ilé mójú tó wọn. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń sọ níhìn-ín rárá.

Ọ̀rọ̀ ìdí-igi tó mú wá ni kò bá a mu. Ìdí-igi jẹ́ ti ogún ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀: iye ìyàwó tó bímọ fún un ni iye ọ̀nà tí wọ́n ń pín ogún náà sí, nígbà tí orí-ò-jorí ń wo iye ọmọ. Ẹjọ́ ìdílé Dawodu ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ títí dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962, wọ́n sì fìdí ìdí-igi múlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yin tí màmá bí, ìdí kan ṣoṣo ni yín. Ohun ìní obìnrin, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni ín, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ẹ̀gbọ́n yín kò lè fi ìdí-igi dí yín lọ́wọ́, ẹ̀yin náà ò sì lè kó àpótí jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ ṣí i. Kí ẹ̀gbọ́n mú tiẹ̀, kí àwọn àbúrò mú, kí àǹtí yín náà mú ọ̀kan tó wù wọ́n, nítorí ọmọ ìyá wọn ló kú. Ohun tó bá kàn yín ni ẹ ní àṣẹ láti fi tọrẹ.

Àwọn aṣọ kan wà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń lò wọ́n. Ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó (Ògbóni) Ìjẹ̀bú ń fi lé èjìká, ti oyè ni. Ní Bùnú, lọ́dọ̀ àwọn Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, aṣọ ipò wà, aṣọ pupa tí wọ́n ń ta sára ilé nígbà ìsìnkú àwọn èèyàn ńlá. Ìdílé ló ni ín, kò sí ọmọ kan tó lè dá gbé e fún ẹnikẹ́ni. Aṣọ funfun tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dúró lé lórí. Ó lè jẹ́ aṣọ orí ibùsùn lásán. Ó sì lè jẹ́ àlà tí màmá tàbí ìyá wọn fi ń sin Ọbàtálá kí wọ́n tó di onígbàgbọ́, èyí tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn olórìṣà ìdílé ló yẹ kó padà sí. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kàn án títí ẹ ó fi mọ̀.

Ta ló máa sọ fún yín? Àǹtí yín ni, ibẹ̀ sì ni òwe wọn wọlé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń pa òwe yìí bí ẹni ń rẹ ọmọdé sílẹ̀, pé kó jókòó sí àyè rẹ̀. Ó ní ìlò yẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Aṣọ tuntun, owó ló ń rà á. Ọmọdé tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ owó lónìí lè kún àpótí rẹ̀ kó tó alẹ́. Ta ni yóò ta àkísà fún un? Àkísà ti jẹ́ ìró tí wọ́n wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, ó ti pọn ọmọ, ó ti ṣá, wọ́n ti tún un rẹ sínú aró, ó ti di ìbora ọmọ, ó ti di ìtẹ́dìí ọmọ-ọmọ. Ìyà kọ́ ni àkísà àgbà ń sọ. Ọjọ́ orí ló ń sọ, àti iye èèyàn tí aṣọ kan ti bò. Bí wọ́n bá bí ọmọ sílé wa, aṣọ tuntun kọ́ ni àwọn ìyá àgbà máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ sí. Ìró tó ti gbó tó ti rọ̀ ni wọ́n ń fà ya láti fi tẹ́dìí rẹ̀, nítorí pé kò ní há ọmọ lára. Ohun tí ẹgbẹ́ yín ń ṣe nílé ìwòsàn kò jìnnà sí èyí.

Lójú tèmi, àǹtí yín kò ní kí ẹ má ṣe é. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé aṣọ lẹ rí, àkísà ni àwọn rí, pé ẹ kò tíì mọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Ẹ pè wọ́n lórí fídíò. Ẹ gbé aṣọ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ bi wọ́n: ta ló hun ún, ìgbéyàwó ta ni, òkú ta ni? Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí wọ́n bá dé orí àdìrẹ, ẹ ní sùúrù, nítorí ọmọ Abẹ́òkúta tó dàgbà mọ̀ pé gbogbo àwòrán ló ní orúkọ. Olókun wà. Ìbàdàndùn wà, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó hàn lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Jubilee, tó ní àwòrán ọba àti ayaba Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1935 ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè. Wọ́n á tún lè sọ fún yín bóyá iṣẹ́ Abẹ́òkúta ni, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi páánù tí wọ́n gé lé ẹ̀kọ sára aṣọ, tàbí iṣẹ́ Ìbàdàn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà á lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ Jubilee àtijọ́ ló wà nínú àpótí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé e. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni irú ìyẹn yẹ, bíi ti Oníkan ní Èkó. Kí ọmọ Yorùbá tí a kò tíì bí lè rí i, ọrẹ ńlá nìyẹn náà.

Ní ti pé àbùlẹ̀ ń tàbùkù màmá, ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n kó rántí ẹ̀kú egúngún. Aṣọ wo ni Yorùbá ní tó níyì ju ìyẹn lọ? Abala lórí abala ni. Àwọn ọmọ ìdílé ń mú àrán wá, wọ́n ń mú dàmáàsìkì, wọ́n ń mú aṣọ òkè, wọ́n ń fi onígun mẹ́ta pupa gbá etí rẹ̀. Bí ọdún egúngún ti ń yí po ni wọ́n ń fi tuntun kún un, tí ti àwọn tó ti kú sì ń bẹ lábẹ́. Aṣọ òkè aláró àti funfun tó dà bí aṣọ ìsìnkú ló máa ń sún mọ́ ara jù. Kò sí ẹnì kan tó dá a ní. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun gbé e dé Bàhíà ní Brazil: ní erékùṣù Itaparica, tí wọ́n ti ń sin Egúngún títí di òní, abalá ni wọ́n ṣì ń pe àwọn ègé aṣọ tó ń fẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni egúngún, ọ̀tọ̀ ni ìbora ọmọ, mi ò da méjèèjì pọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé èèyàn tí bàbá ńlá rẹ̀ ń jáde nínú aṣọ àlẹ̀pọ̀ kò lè ní àlẹ̀pọ̀ tàbùkù òkú.

Aṣọ òkè gan-an, àlẹ̀pọ̀ ni. Ẹ yí ìró sányán yẹn padà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bí inṣi 4 ní fífẹ̀, ni wọ́n hun, tí wọ́n wá rán etí wọn pọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lo àlàárì tàbí sányán, ẹ má gé e gba àárín kọjá, nítorí yóò máa tú. Ẹ fi abẹ tú ojú rírán, kí ẹ̀là kọ̀ọ̀kan bọ́ ní odindi pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì. Àwọn ahunṣọ wa mọ títú dáadáa. Òwú pupa tó wà lára aṣọ ipò Bùnú tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ara aṣọ tó ti ìlú òyìnbó wá ni wọ́n ti máa ń tú u láyé àtijọ́ kí wọ́n tó tún un hun.

Mi ò ní kí ẹ fi aṣọ òkè bo ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, ṣá. Ó wúwo, ó sì ń há ara. Kíjìpá náà nípọn jù fún un. Àwọn méjèèjì yóò dára fún àwọn arúgbó ilé ìtọ́jú, tí orúnkún wọn máa ń tutù. Bí ẹ bá sì rí arúgbó Yorùbá kan nínú wọn, òun ni kí ẹ gbé ẹ̀là àlàárì lé lẹ́sẹ̀. Aṣọ ẹbí aláǹkárá, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Àdìrẹ tó ti gbó ló bá ara ọmọ mu jù. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù, kí ẹ máa da omi náà nù títí aró kò fi ní jáde mọ́.

Ohun kan ṣẹ́kù, mo sì fẹ́ kí ẹ mú un ní pàtàkì ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Ẹ gbóòórùn àpótí náà. Àwọn ìyá wa kì í tọ́jú aṣọ láìfi káńfọ̀ sí i. Káńfọ̀ oníhóró funfun yẹn léwu fún ọmọ tuntun. Àwọn ọmọ kan wà, wọ́n sì pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, tí èròjà G6PD inú ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa káńfọ̀ símú tàbí tó kàn án lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, ibà pọ́njú á dé, ó sì lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Àwọn dókítà ọmọdé ní Nàìjíríà ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá lórí èyí tipẹ́. Fífọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tó láti mú un kúrò. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sí oòrùn àti atẹ́gùn fún ọjọ́ púpọ̀, kí ẹ tún fọ̀ ọ́. Kí ẹ sì sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì pé inú àpótí ni aṣọ náà ti wá kí wọ́n tó gbà á. Bí òórùn káńfọ̀ bá ṣì wà lára èyíkéyìí lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ má ṣe fi sí ìbora ọmọ rárá, bó ti wù kó rẹwà tó.