DNA àlùbọ́sà pọ̀ ju ti ènìyàn lọ: ṣé ó lè sọ ẹ̀jẹ̀ SS di AS?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́fà, ní ẹ̀jẹ̀ SS. Ẹnì kan tó ń ta àgbo àlùbọ́sà sọ fún wa pé DNA àlùbọ́sà tó ìlọ́po márùn-ún ti ènìyàn, àti pé bí ọmọ náà bá ń mu àgbo yìí fún oṣù mẹ́ta, DNA rẹ̀ yóò dí àlàfo inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, yóò sì di AS. Ó fi èsì àyẹ̀wò ọmọ mìíràn hàn wá: SS ni àkọ́kọ́, AS ni èkejì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí a dá oògùn ilé ìwòsàn dúró ná, kí wọ́n má baà bá àgbo náà jà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ìyá wa. Ẹ má ṣe dá oògùn kankan dúró. Mo fi ìyẹn ṣáájú kí ẹni tó bá ń kánjú kà á lè rí i, nítorí pé irú ìbéèrè yìí ti ń dé ọ̀dọ̀ mi léraléra, orúkọ ohun tí wọ́n ń tà nìkan ló ń yí padà.

Ẹni tó ń ta àgbo náà kò purọ́ nípa iye. Inú sẹ́ẹ̀lì ohun ẹlẹ́mìí ni fọ́nrán DNA, ìyẹn ìtọ́ni tí ẹ̀dá ń jogún lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, máa ń wà, lẹ́tà mẹ́rin, A, C, G àti T, ni àwọn onímọ̀ sì fi ń ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ti ènìyàn tó nǹkan bíi lẹ́tà bílíọ̀nù 3.1, ti àlùbọ́sà sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 16. Ibi tí irọ́ ti wọlé ni ibi tó ti sọ ọ̀pọ̀ di agbára, bí ẹni pé ẹ̀dá tí DNA rẹ̀ bá gùn jù ló ní okun tí ó lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ewéko kékeré kan tó ń hù ní erékùṣù New Caledonia, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Tmesipteris oblanceolata, ni ì bá jẹ́ olórí ẹ̀dá gbogbo, nítorí pé ní ọdún 2024 ni àwọn olùwádìí kéde pé DNA tirẹ̀ tó lẹ́tà bílíọ̀nù 160. Ẹja tó ń fi ẹ̀dọ̀fóró mí ní ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tó máa ń ri ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 40. Ṣùgbọ́n ẹja fugu tí àwọn ará Jàpáánì ń jẹ kò ní ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 400 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ní egungun, ojú, ọkàn àti ọpọlọ bí ẹja yòókù. Bí a bá sì pa gígùn tì, tí a ka jíìnì, ìyẹn àwọn apá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ka bí yóò ṣe ṣe pùròtéènì, ọ̀rọ̀ náà tún dojú rú sí i: nǹkan bíi 20,000 ni ti ènìyàn, iye yìí náà ni ti kòkòrò C. elegans tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ, iṣu funfun tí a ń gún níyán sì ní tó 26,000 gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2017 ti fi hàn. N kò tí ì rí iṣu tó kàwé. Láti ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ ti fún àdììtú yìí lórúkọ, nítorí náà kì í ṣe àwárí tuntun tí ẹnikẹ́ni yẹ kó máa fi ta ọjà.

Kí ló wá kún inú DNA àlùbọ́sà? Àtúnkọ ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn abala tó lè ṣe ẹ̀dà ara wọn kí wọ́n sì fi í síbòmíràn, irú èyí tí Barbara McClintock rí lára àgbàdo ní àwọn ọdún 1940, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 1983. Bí ọmọdé bá da ìlà kan náà kọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún sínú ìwé gbèsè alájàpá, ìwé yóò nípọn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n jẹ ẹ́ kò lé kọ́bọ̀. Ti ènìyàn náà kò yàtọ̀, nítorí pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì DNA wa tó wá láti irú àtúnkọ bẹ́ẹ̀. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ pàǹtí o. Àwọn apá kan ń ṣiṣẹ́ títan jíìnì àti pípa á, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí èyí tó wúlò ti pọ̀ tó. Àlùbọ́sà gan-an ni onímọ̀ kan, T. Ryan Gregory, fi dán àríyànjiyàn náà wò ní ọdún 2007: bí gbogbo lẹ́tà bá jẹ́ dandan, kí ni àlùbọ́sà ń fi ìlọ́po márùn-ún tiwa ṣe, kí ló sì dé tí DNA àwọn ìbátan rẹ̀ kan fi ju ti òmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́rin? Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo jíìnì, nígbà wo àti níbo, ni ó ń mú kí ara díjú.

Nípa ọmọ yín, kò sí àlàfo kankan láti dí. Àrùn yìí kò fi lẹ́tà kankan dín DNA rẹ̀ kù. Lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà ló fà á, T tó dúró sípò A nínú jíìnì tó ń ṣe apá kan haemoglobin, pùròtéènì tó ń gbé atẹ́gùn káàkiri nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ó sì ti jogún rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ikùn àti ìfun a máa gé DNA oúnjẹ sí wẹ́wẹ́. Ojoojúmọ́ la ń jẹ DNA ẹ̀wà àti ti ẹja, kò sì sọ wá di ẹja.

Ní ti èsì àyẹ̀wò tí wọ́n fi hàn yín, èmi kò rí i, nítorí náà n kò ní pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ sí ọmọ SS lára, ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ yóò wà nínú tirẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àyẹ̀wò tí a bá sì ṣe láàárín àkókò náà lè jọ ti AS. Ó sì tún lè jẹ́ pé èsì àkọ́kọ́ ni kò tọ̀nà.

Ohun tó lè mú àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kúrò wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìgò. Wọ́n máa ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, pàápàá láti ara ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí tirẹ̀ bá bá ti ọmọ mu. Ní ìparí ọdún 2023, Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tó ń jẹ́ Casgevy, fún ẹni ọdún 12 sókè, èyí tó ń gé ibì kan lára DNA kí haemoglobin ìgbà ọmọ inú oyún lè padà máa ṣiṣẹ́. Owó rẹ̀ ga kọjá ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí lè san. Èyí tó wà nítòsí yín ni folic acid, oògùn tó ń dènà ibà, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti hydroxyurea, oògùn tó ń dín ìrora àrùn náà kù, bí dókítà bá rí i pé ó yẹ. Òun náà ni yóò sọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé èmi kò yẹ ọmọ náà wò, ohun tí mo kọ yìí kò sì lè dípò ìmọ̀ràn rẹ̀.

Kí ọmọ máa jẹ àlùbọ́sà nínú ọbẹ̀ kò burú. Àgbo tí ẹ kò mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín jẹ́, nítorí náà bí ó bá ti mu lára rẹ̀, ẹ gbé ìgò náà lọ fi han dókítà ní ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Bí ara rẹ̀ bá gbóná ju ìwọ̀n 38 lọ, bí ojú rẹ̀ bá funfun tàbí tí àyà bá ń dùn ún, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ náà.