Ẹ Béèrè, A Dáhùn: Ẹni tí ẹ̀tẹ̀ mú àti bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn lẹ́tà tí a mú lóṣù yìí ń sọ: ẹni tí àrùn ẹ̀tẹ̀ mú, àti bí ìjọ ṣe ń ṣe sí i. A gé àwọn kan kúrú, a kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

*Bàbá kan ní àdúgbò wa gba ìtọ́jú ẹ̀tẹ̀ tán, ó sì padà wálé. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ká kò. Ó ń wá sí ìsìn, ṣùgbọ́n àwọn ọ́ṣà ya bẹ́ǹṣì kan sọ́tọ̀ fún un lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ Oúnjẹ Olúwa, òun ló ń gbẹ̀yìn, nínú ife ọ̀tọ̀. Wọ́n ní Léfítíkù 13 làwọn ń tẹ̀lé. Kí ni kí n sọ fún wọn?* (Díákónì kan, Ìsẹ́yìn)

Díákónì, ìbẹ̀rù wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn, nítorí ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà kì í gbọ́ ìwàásù. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa ẹ̀tẹ̀. Dókítà ará Norway kan, Gerhard Armauer Hansen, ló rí i ní ọdún 1873. Láti imú àti ẹnu ẹni tí kò tíì lo oògùn ló ti ń jáde, ó sì máa ń gba kí ènìyàn bá onítọ̀hún gbé pẹ́kípẹ́kí fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó lè kó o. Àní nígbà náà pàápàá, ara ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ló máa ń ṣẹ́gun rẹ̀. Bíbọ ọwọ́, dídì mọ́ ara ẹni, jíjẹun pa pọ̀ àti jíjókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà kì í kó o ranni. Ẹni tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kì í kó o ran ẹlòmíràn mọ́. Bàbá tiyín ti lo oògùn parí. Ìka tó ká kò yẹn, àpá ni, bí àpá iná tí ó ṣẹ́ kù lára lẹ́yìn tí iná ti kú tipẹ́.

Ní ti Léfítíkù, ẹ ní kí wọ́n kà á síwájú. Orí 13 kan náà sọ̀rọ̀ ẹ̀tẹ̀ ara aṣọ (ẹsẹ 47), orí 14 sì sọ ti ara ògiri ilé (ẹsẹ 34), tó fi hàn pé ohun tí ibẹ̀ ń sọ gbòòrò ju àrùn kan ṣoṣo tí a mọ̀ lónìí lọ. Àlùfáà kì í kàn lé ènìyàn jáde: bí kò bá dá a lójú, yóò sé e mọ́ fún ọjọ́ 7, yóò sì tún un yẹ̀ wò. Ìdajì orí 14 sì dá lé bí wọn yóò ṣe mú ẹni tí ara rẹ̀ ti dá padà wọ àgọ́. Ẹni tó bá ń fi orí 13 lé bàbá yìí sẹ́yìn láìṣí orí 14, kò tíì tẹ̀lé òfin náà dé ìdajì. Nínú Máàkù 1:41, Jésù na ọwọ́, ó fi kan ọkùnrin náà kí ẹ̀tẹ̀ tó fi í sílẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ní Bẹ́tánì, ilé Símónì adẹ́tẹ̀ ló ti jókòó jẹun (Máàkù 14:3).

Bí ẹ óò ṣe ṣe é rèé. Ẹ má kéde rẹ̀ látorí pẹpẹ, ìtìjú ni yóò fi kún ti tẹ́lẹ̀. Kí Páṣítọ̀ lọ kí bàbá nílé, kí ó bi í níbi tí ó fẹ́ jókòó sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kí Páṣítọ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà lójú gbogbo ìjọ. Kí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn yẹn kúrò níbẹ̀ pátápátá, nítorí bí ó bá ṣì wà, àwọn ọ́ṣà yóò tún mú un lọ síbẹ̀. Níbi Oúnjẹ Olúwa, àtẹ́lẹwọ́ ni kí ẹ fi búrẹ́dì sí, nítorí ṣóńṣó ìka rẹ̀ kò ní ìmọ̀lára. Bó bá jẹ́ ife kéékèèké tó ń yọ̀ ni ẹ ń lò, kí ẹni tó ń pín in bá a di ìdí ife náà mú títí yóò fi mu ún tán. Kí ó gbà á nígbà tó bá kàn án. Bí ẹnìkan bá ní òun kò lè mu lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ dúró sẹ́yìn.

*Àmì kan tó mọ́ ju awọ rẹ̀ lọ wà lẹ́yìn apá ọmọ mi, ọmọ ọdún 14. Oṣù mẹ́rin rèé tí a ti ń fi oògùn làpálàpá pa á, kò lọ. Wòlíì wa ní ègún ilé bàbá rẹ̀ ni. Wọ́n ti ní kí ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin.* (Ìyá kan, Ìkirè)

Ìyá wa, ẹ kú ìrọ́jú. Àwọn àgbà ní a fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá, àṣìṣe yẹn gan-an ló sì ń wáyé jù. Làpálàpá sábà máa ń yún, etí rẹ̀ a sì máa hó. Àmì ẹ̀tẹ̀ kì í sábà yún, ìmọ̀lára ibẹ̀ ló máa ń dín kù. A kò lè sọ láti ibí pé ẹ̀tẹ̀ ni ti ọmọ yín, ṣùgbọ́n ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ òní. Ẹ yí òwú díẹ̀ sí ṣóńṣó. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ara rẹ̀ níbi tó dáa nígbà tí ojú rẹ̀ là, kí ó mọ bó ṣe rí. Lẹ́yìn náà kí ó di ojú, ẹ fi kan àmì náà àti ibòmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún láìtẹ̀lé ètò, kí ó máa fi ìka tọ́ka sí ibi tí ẹ kàn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Bí kò bá mọ̀ nígbà tí ẹ kan àmì náà, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́la, kí ẹ sì béèrè alábòójútó ikọ́ ìfe àti ẹ̀tẹ̀ ti ìjọba ìbílẹ̀ yín. Bó bá tilẹ̀ mọ̀, àmì tó lo oṣù mẹ́rin láìgbóògùn tó kí olùtọ́jú wò ó.

Ọ̀fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti ń pín in fún àwọn orílẹ̀-èdè lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 1995. Páálí kan wà fún ọjọ́ 28: èyí tí yóò lò lójú olùtọ́jú lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àti èyí tí yóò máa lò lójoojúmọ́ nílé. Bí àmì kò bá ju 5 lọ, oṣù 6 ni wọ́n sábà ń fi tọ́jú rẹ̀; bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, oṣù 12.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń já sílẹ̀ nìyí. Rifampicin, oògùn ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, máa ń sọ ìtọ̀ di pupa, clofazimine, òmíràn nínú àwọn oògùn náà, sì máa ń mú awọ dúdú sí i. Àwọn aládùúgbò a máa wí pé àìsàn ń gbilẹ̀, onítọ̀hún a sì da oògùn nù. Ìtọ̀ pupa yẹn kò léwu, dúdú ara náà yóò sì máa ṣí díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá parí. Ohun tó léwu ni kí àmì wú kí ó pọ́n lójijì, kí iṣan ìgúnpá máa ro ó, kí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ rọ, tàbí kí ojú pọ́n kí ó sì máa dùn ún. Ẹ gbé e lọ sí kíliníìkì lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ó má dá oògùn dúró. Iṣan tí kò tíì ju oṣù mẹ́fà lọ tó ti rọ ṣì lè padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá tètè fún un ní prednisolone, oògùn tó ń dín wíwú kù. Bó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ó ṣòro.

Ẹ bá wa sọ fún Wòlíì pé kí ó máa gbàdúrà fún un, kí ó sì tẹ̀ lé e lọ sí kíliníìkì. Ọ̀rọ̀ ègún ló ń mú kí ìdílé fi àmì kékeré pamọ́ títí ọwọ́ fi ká kò, tí kòkòrò náà fi ń ráyè ran àwọn ará ilé. Bó bá jẹ́ ẹ̀tẹ̀, ẹ mú gbogbo ẹni tó ń bá a gbélé lọ fún àyẹ̀wò. Ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ kúrò níléèwé tàbí nínú ẹgbẹ́ akọrin.

*Ìjọ aláṣọ funfun ni tiwa, a kì í wọ bàtà. Arábìnrin kan tí ara rẹ̀ ti dá máa ń ní egbò lábẹ́ ẹsẹ̀, wọ́n sì ń sọ pé egbò náà ni ẹ̀rí pé àìsàn kò tíì lọ.* (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Àjàṣẹ́)

Egbò náà kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, àìmọ̀lára ló fà á. Ẹni tí ẹsẹ̀ bá ń dùn yóò tiro. Òun kò mọ ìrora, nítorí náà á máa tẹ ẹ́ lọ, kò sì ní jinná. Ìsinmi ẹsẹ̀ lóògùn àkọ́kọ́. Kí ó fi omi lásán àti ọṣẹ fọ egbò, kí ó fi aṣọ mímọ́ dì í, kí ó má da sípírítì sí i. Ẹsẹ̀ tí kò légbò, kí ó máa rì í sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 20 sí 30 lójoojúmọ́, kí ó rọra fi òkúta ha ibi tó le, kí ó sì fi òróró pa á nígbà tí ó ṣì tutù. Kì í ṣe omi gbígbóná, torí kò ní mọ̀ bó bá ń bó o. Kí ó máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́ nínú dígí.

Ẹ bá Olùṣọ́ sọ̀rọ̀. Kí ó yọ̀ǹda ìbọ̀sẹ̀ funfun nípọn méjì àti bàtà rọ́bà rírọ̀ tí kò ní jáde kúrò nínú ọgbà ìjọ, nítorí ìyànrìn ọ̀sán gangan lè bó ẹsẹ̀ rẹ̀ láìmọ̀. Kí ó má fi ọwọ́ di àbẹ́là mú. Ẹ gbé e sórí ọ̀pá fìtílà fún un.

*Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ wa ń gbé ìrẹsì lọ sí àgọ́ àwọn tí ẹ̀tẹ̀ mú nígbà Kérésìmesì. Lọ́dún yìí wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a ya fọ́tò. Ṣé àìmoore kọ́ nìyẹn?* (Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin, Ìbàdàn)

Rárá o. Ẹni tí ẹ bá ya fọ́tò rẹ̀ tòun ti ọwọ́ tó gé, ọmọ rẹ̀ ni yóò san gbèsè rẹ̀ níléèwé. Ẹ má yà á.

Ẹ wo ohun tí ará Samáríà ṣe nínú Lúùkù 10. Ó da òróró àti wáìnì sí ọgbẹ́, ó gbé ọkùnrin náà sórí ẹran tirẹ̀, ó sùn tì í nílé èrò, ó san dẹ́nárì méjì, èyí tó jẹ́ owó iṣẹ́ ọjọ́ méjì gẹ́gẹ́ bí Mátíù 20:2, ó sì ní òun ń padà bọ̀ láti san èyí tó bá kù. Àwọn Júù kì í sì í bá irú rẹ̀ da nǹkan pọ̀. Ìrẹsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò burú, ṣùgbọ́n ìpadàbọ̀ yẹn ló ṣòro. Ẹ lọ ní oṣù kejì, nígbà tí ẹnikẹ́ni kì í lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó ra nǹkan. Èyí tí wọ́n sábà máa ń nílò ni bàtà tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ le níta tó rọ̀ nínú, tó ní okùn lẹ́yìn gìgísẹ̀, tí kò ní ìṣó, owó ọkọ̀ lọ sí kíliníìkì, owó iléèwé, kọ́ọ̀bù àti ṣíbí onígi tí kì í gba ooru. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko tàbí ránṣọ nínú wọn, ní iye tí ẹ fi ń ra ti ẹlòmíràn.

Ẹ pè wọ́n wá darí orin pẹ̀lú. Ní àgọ́ Uzuakoli tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ nílẹ̀ Igbo, Ikoli Harcourt Whyte tí ẹ̀tẹ̀ mú wọ ibẹ̀ ní 1932, ó sì kọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin ìjọ lédè Igbo tí wọ́n ṣì ń kọ títí dòní.

*Ọmọ mi fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan tí ẹ̀tẹ̀ mú ìyá rẹ̀ nígbà kan. Àwọn ẹbí ń ka ọ̀rọ̀ Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, sí mi létí, pé yóò lẹ̀ mọ́ irú-ọmọ.* (Bàbá kan, Adó-Èkìtì)

Ẹ̀tẹ̀ kì í ṣe àrùn tí a ń bí mọ́ni. Ohun tí Èlíṣà sọ nínú 2 Àwọn Ọba 5:27, Géhásì ló bá wí fún ojúkòkòrò rẹ̀; kò sọ ọ́ nípa gbogbo ẹni tí kòkòrò kan bá mú. Bí ìyá náà bá ti lo oògùn parí, kò sí ohun tí yóò ran ẹnikẹ́ni láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ọmọbìnrin náà bá bá ìyá rẹ̀ gbé kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò ara lẹ́ẹ̀kan fún ìfọ̀kànbalẹ̀ tirẹ̀, nítorí àmì lè pẹ́ tó ọdún 20 kí ó tó yọ. Ẹ pe ìyá náà wá jókòó síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ní àárín àwọn ìyá, kí ó gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Bí ẹbí bá sì fẹ́ béèrè ohun tó lè ran irú-ọmọ lóòótọ́, kí wọ́n béèrè jẹ́nótáìpù àwọn méjèèjì.