Èsì: Ooru èéfín tírélà lórí òkè Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú wàhálà ọ̀nà. Ẹ ní tí ẹ bá kó símẹ́ńtì láti ìhà Iléṣà lọ sí Adó, géèjì ooru èéfín máa ń lọ sí 720°C lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Ṣé ó ti pọ̀ jù?

Ibo ni wọ́n gbé sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ooru náà sí? Tó bá wà ṣáájú tọ́bò (ẹ̀rọ tí èéfín ń yí, tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì), 720 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. 680 sí ìsàlẹ̀ ni mo fẹ́ fún òkè gígùn. Tó bá wà lẹ́yìn tọ́bò, ẹ rọra o! Tí ẹrù bá wúwo, iwájú tọ́bò lè fi ju 100°C gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Álúmíníọ́ọ̀mù lásán, irú èyí tí wọ́n ń pò mọ́ nǹkan míì fi ṣe ọ̀pọ̀ písítìn inú ẹ́ńjìnnì, ń yọ́ ní 660°C. Ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ló ń gba písítìn là.

Ẹ tètè já gíà sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ wa rò pé gíà ńlá ń dín dísù kù, àmọ́ lórí òkè, ẹ́ńjìnnì tó ń rá pálá ń gba dísù púpọ̀, afẹ́fẹ́ kò sì tó o. Tó bá ń yí kíá, tọ́bò á fún un ní afẹ́fẹ́.

Tí èéfín bá tún dúdú, ẹ yẹ fílítà afẹ́fẹ́ wò, pàápàá lásìkò ọyẹ́, àti rọ́bà tó jáde láti tọ́bò, bóyá ó ti ya. Ẹ bi mẹkáníìkì bóyá ó ti fi kún dísù tí pọ́ǹpù ń tú.

Ní Adó, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójijì. Ẹ jẹ́ kí géèjì wá sí bíi 200°C, kí ọ́ìlì má baà jóná mọ́ inú tọ́bò.